Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìjẹníyà Ọrọ̀ Ajé àti Ìjọba Ológun Nàìjíríà, 1993 sí 1999, láti Ẹnu Ọ̀nà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìbéèrè kan tí ó ti ń jẹyọ láti ọjọ́ pípẹ́ láàrin àwọn onímọ̀ ìtàn àti ti ìṣèlú: ǹjẹ́ dídá òwò, owó àti ìrìnnà dúró lè mú ìjọba tí ó yarí yí ìwà rẹ̀ padà? Ìyà tí Amẹ́ríkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì fi jẹ ìjọba ológun Nàìjíríà láàrin 1993 sí 1999 ni iṣẹ́ náà dá lé. Ó fi ojú àgbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wò ó, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú tí ìyà náà tètè kàn wà. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ará ìlú ń tọ̀ ni wọ́n dí, ọ̀nà tí ìjọba ń gbà jẹun sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ títí dé òpin.

Ìfáárà

Òwe Yorùbá kan sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtùnú ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ìkìlọ̀ ni ó sì jẹ́ fún ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn: bí ó bá di ọ̀nà kan mọ́ ọ̀tá rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀tá náà ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè tọ̀ dé ọjà. Nínú ìtàn Nàìjíríà, àkókò tí ó wà láàrin ìfagilé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 àti ìpadàbọ̀ ìjọba alágbádá ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999 jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì fún òwe náà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí pè ní ìjẹníyà ọrọ̀ ajé ni ìpinnu tí orílẹ̀-èdè kan tàbí àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe láti fa ọwọ́ òwò, ìrànwọ́ owó, ohun ìjà tàbí ìrìnnà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ìjọba kan, kí ìjọba náà lè ṣe ohun tí wọ́n ń béèrè láìjẹ́ pé wọ́n gbé ogun tì í. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn gbà pé ó sàn ju ogun lọ. Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ gbà pé tálákà ni ó ń jẹ ìyà tí wọ́n dá fún olówó.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni gbàgede àyẹ̀wò yìí. Ọ̀nà tí ó gba Máfolúkù àti Àjàó Estate ni èrò ń tọ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, èyí tí wọ́n ṣí ní 1979. Òṣòdì ni ojúkò tí ọkọ̀ láti gbogbo ìhà Èkó ti ń pàdé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà ní Ìsọlọ̀ ní ẹ̀bá títì Òṣòdì sí Àpápá. Bí ìyà láti òkè òkun bá wọ Nàìjíríà, ó yẹ kí ipa rẹ̀ tètè hàn níbẹ̀.

Dídí Ọ̀nà nínú Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá àti ti Aládùúgbò Rẹ̀

Dídí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Ní 1877, nígbà tí ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tí ó wá di ti Kírìjí ń bẹ̀rẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn, kí ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ má baà dé ibẹ̀. Ojú pọ́n Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò túúbá. Ọ̀nà Òndó, tí Gómìnà Glover ti ṣe aáyan àti là ní 1872, ṣì wà, ibẹ̀ sì ni ohun ìjà ń gbà wọlé. Àdéhùn àlàáfíà 1886 àti ìtúká àwọn ibùdó ogun ní 1893 ni ó parí ìjà náà.

Orúkọ Òṣòdì pàápàá gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Òṣòdì Tápà, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olóyè ogun Ọba Kòsọ́kọ́, ni orúkọ àdúgbò náà ń rántí. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, Òṣòdì Tápà sì bá olúwa rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà sí Èkó. Ìbọn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún Èkó. Ohun mìíràn ni wọ́n lò fún Dàhòmì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1852, wọ́n fi ọkọ̀ ogun dí èbúté Dàhòmì kí òwò má baà wọlé tàbí jáde. Kò pẹ́ tí Ọba Gezo fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun kò ní kó ẹrú ránṣẹ́ sókè òkun mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún náà wọ́n ṣí èbúté. Nígbà tí yóò fi di 1857, Gezo ti padà sí òwò ẹrú ní gbangba. Ìdènà náà rí ìbuwọ́lùwé gbà. Kò yí ohun tí ọba náà ń jẹ padà.

Ìgbà tí Nàìjíríà Mú Pàṣán Lọ́wọ́: 1979

Nàìjíríà náà ti lo ìjẹníyà ọrọ̀ ajé rí, èso rẹ̀ sì yàtọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n dín méjì, ìyẹn ọjọ́ 31 oṣù keje 1979, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba gbogbo ìpín ilé iṣẹ́ epo BP ní Nàìjíríà. Ohun tí ìjọba náà kà sí BP lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ títa epo fún àwọn aláwọ̀ funfun tí ń ṣèjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà. Àkókò tí ó ṣe é ṣe pàtàkì: àwọn olórí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ń múra àtipàdé ní Lusaka lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia. Lẹ́yìn ìpàdé náà, ìjọba Margaret Thatcher pe gbogbo ẹni tí ọ̀ràn kàn jọ sí Lancaster House ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1980, Zimbabwe gba òmìnira.

Yóò jẹ́ àsọdùn láti sọ pé gbígba BP ni ó bí òmìnira náà, nítorí pé àwọn ajìjàgbara ti wà lójú ogun láti ọdún púpọ̀ ṣáájú. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta hàn nínú rẹ̀. Èkíní, Nàìjíríà fọwọ́ kan ohun tí ó ń wọ àpò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tòótọ́. Èkejì, ohun tí ó ń béèrè kò lọ́jú pọ̀, ó sì béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìpinnu. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ọ̀ràn náà kàn gan-an ń jà nínú ilé. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí yóò fi wọn ìjẹníyà ọdún 1993 sí 1999.

Ìyà tí Wọ́n Fi Jẹ Ìjọba Ológun

Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìdìbò tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 1993. Ó kúrò lórí àga ní oṣù kẹjọ, Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn gbà á fún ìgbà díẹ̀, Ọ̀gágun Sani Abacha sì gbàjọba ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá. Láàrin oṣù díẹ̀, Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ológun dúró, ó dín ìrànwọ́ yòókù kù, ó sì fi òfin de físà fún àwọn tí ń dènà ìjọba tiwa-n-tiwa. Ní 1994, ó tún kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbógun ti oògùn olóró tó, èyí tí ó túmọ̀ sí pé yóò dìbò lòdì sí yíyá Nàìjíríà lówó ní àwọn báǹkì àgbáyé. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 1993.

Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995 ni ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn Ògóni mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt, nígbà tí àwọn olórí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ń ṣèpàdé lọ́wọ́ ní Auckland, ní New Zealand. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá Nàìjíríà dúró nínú àjọ náà. Láàrin oṣù kan, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de títa ohun ìjà, ó fi de físà fún àwọn ọ̀gá ológun àti mínísítà pẹ̀lú ẹbí wọn, ó dá ìrànwọ́ ìdàgbàsókè dúró, ó sì fọwọ́ kan eré ìdárayá. Ààrẹ Nelson Mandela béèrè pé kí wọ́n dá ríra epo Nàìjíríà dúró. Abacha fún un lésì tirẹ̀: Super Eagles, tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994, kò lọ sí ìdíje 1996 ní Gúúsù Áfíríkà. Nítorí èyí, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà kò jẹ́ kí Nàìjíríà kópa nínú ìdíje 1998. Ìjọba ni ó bínú, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti òǹwòran ni ó pàdánù.

Bí ènìyàn bá ka àwọn ìyà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé ohun méjì kò sí nínú wọn. Kò sí èyí tí ó kan epo rọ̀bì. Kò sì sí èyí tí ó ti ilẹ̀kùn báǹkì mọ́ owó tí àwọn alágbára ń kó pamọ́ sókè òkun.

Pápákọ̀ Òfuurufú àti Àwọn Ará Òṣòdì

Ìgbésẹ̀ tí ojú ará ìlú tètè rí wá ní oṣù kẹjọ 1993. Iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ òfuurufú má fò tààrà mọ́ láàrin Amẹ́ríkà àti pápákọ̀ Murtala Muhammed. Wọ́n tún gbé àkíyèsí kọ́ sí àwọn pápákọ̀ tiwọn láti kìlọ̀ fún èrò nípa Èkó. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ààbò ni ó fa àṣẹ náà, ọ̀rọ̀ ààbò náà kì í sì í ṣe àwáwí: ní oṣù kọkànlá 1996, bọ́ǹbù pa ọ̀gá ètò ààbò pápákọ̀ náà. Ṣùgbọ́n oṣù méjì péré lẹ́yìn ìfagilé ìdìbò ni àṣẹ náà jáde, ọdún 1999 ni wọ́n sì tó gbé e kúrò. Fún ìdí èyí, àwọn ènìyàn kà á mọ́ ìyà.

Ta ni ó jẹ ìyà náà? Nigeria Airways pàdánù ọ̀nà New York. Ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà ní láti gba Lọ́ńdọ̀nù, Amsterdam tàbí ìlú mìíràn, kí ó san owó ọkọ̀ méjì, kí ó sì wá físà ìlú tí yóò gbà kọjá bí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Ní 1997, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọkọ̀ Nigeria Airways má wọ ìlú àwọn mọ́ nítorí ààbò. Nàìjíríà náà dá British Airways dúró. Títí di 1998, ọ̀pọ̀ èrò tí ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń gba ìlú mìíràn kọjá. Awakọ̀ takisí, alágbàrù, olóńjẹ àti onílé ìtura ní ọ̀nà pápákọ̀ wà lára àwọn tí oúnjẹ wọn so mọ́ iye èrò tí ń wọlé tí ń jáde. Àwọn ọ̀gá ológun ní ọkọ̀ òfuurufú ìjọba.

Ó tún yẹ kí a má di ẹrù ẹlẹ́rù lé ìjẹníyà lórí. Ìnira tí ó ga jù ní ibùdókọ̀ Òṣòdì láàrin ọdún wọ̀nyẹn, àtinú ilé ni ó ti wá. Ní oṣù kẹwàá 1994, ìjọba Abacha gbé owó lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní ₦3.25 lọ sí ₦11. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tẹ̀ lé e. Ní Ìsọlọ̀, iṣẹ́ ìhunṣọ ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọjà ọjọ́ Ìṣẹ́gun àdúgbò náà fi ń jẹ́ Aswani, orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ kan. Lónìí, aṣọ òkìríkà láti òkè òkun wà lára ohun tí ọjà náà lókìkí fún. Bí iṣẹ́ ìhunṣọ ṣe rọ̀ ní Nàìjíríà ní ìdí púpọ̀: náírà tí ó ń wálẹ̀, iná mànàmáná tí kò dúró àti aṣọ fàyàwọ́. Kò sí ọ̀kan nínú ìyà tí wọ́n kà sílẹ̀ lókè tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ta òwú tàbí ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá dá gbogbo ìṣẹ́ àkókò náà lé òkè òkun lórí ti dá ìjọba Abacha láre láìmọ̀.

Epo Rọ̀bì: Ọ̀nà tí Kò Dí

Nígbà náà, epo rọ̀bì ni ó ń mú ohun tí ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó òkèèrè Nàìjíríà wá. Amẹ́ríkà gan-an ni oníbàárà tí ó tóbi jù. Ní oṣù kọkànlá 1995, Sẹ́nétọ̀ Nancy Kassebaum gbé àbá òfin kan kalẹ̀ láti mú ìyà náà le sí i. Àbá náà kò di òfin. Oṣù kan lẹ́yìn ikú Ken Saro-Wiwa, Shell àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ tẹ̀ síwájú nínú àdéhùn iṣẹ́ gáàsì Bonny. Àwọn ìjọba Yúróòpù ń sọ pé bí Amẹ́ríkà kò bá ṣe é, asán ni; Amẹ́ríkà ń sọ pé bí òun bá dá a ṣe, ẹlòmíràn yóò ra epo náà.

Ìgbésẹ̀ tí ó súnmọ́ ọ̀nà ọ̀fun ìjọba jù lọ wá láti ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù keje 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo nínú NUPENG, tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, àti àwọn ti PENGASSAN dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì, wọ́n ní kí ìjọba dá ẹ̀tọ́ Abíọ́lá padà fún un. Bẹntiróòlù wọ́n, Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rìn. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba tú ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ká, wọ́n sì mú Kokori. Ó wà ní àtìmọ́lé títí di 1998. Nígbà tí ará ilé dí ọ̀nà epo, ará òde kò bá wọn dí i. Nígbà tí ará òde wá ń sọ̀rọ̀ epo ní òpin 1995, wọ́n ti ṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo lápá.

NADECO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1994, àti àwọn tí ó sá lọ sí òkè òkun, bíi Olóyè Anthony Enahoro àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, bẹ ayé pé kí wọ́n má ra epo náà. Àwọn tí ó lòdì sí wọn sọ pé ebi ni yóò pa tálákà Òṣòdì bí epo kò bá tà. Ọ̀rọ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n ó ní àlébù kan: owó epo tí ó ń wọlé kò dé Òṣòdì. Láti 1995, ìjọba ní iye owó méjì fún dọ́là. Àwọn tí ó súnmọ́ ìjọba lè rà á ní ₦22, nígbà tí ó lé ní ₦80 lọ́jà. Lẹ́yìn ikú Abacha ni ayé tó mọ bí owó tí wọ́n kó jáde ti pọ̀ tó. Ní 1999, nígbà tí ìjọba tuntun béèrè, Switzerland de àwọn àpamọ́ owó náà. Ní 2020, ó lé ní ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ikú rẹ̀, mílíọ̀nù 311 dọ́là ṣì padà wá láti Jersey nípasẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti de owó yìí ní 1993, tálákà kankan kì bá má pàdánù oúnjẹ ọjọ́ kan.

Ǹjẹ́ Ìjẹníyà Náà So Èso?

Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1998 ni Abacha kú lójijì. Abíọ́lá kú ní àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje. Kí Abacha tó kú, wọ́n ti pa Alhaja Kúdírátù Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996, Ọ̀gágun Shehu Musa Yar'Adua sì ti kú sẹ́wọ̀n ní oṣù kejìlá 1997. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjẹníyà ń lọ lọ́wọ́. Ikú ni ó mú ìjọba náà yí padà.

Síbẹ̀, àwíjàre wà fún ìpè òkèèrè. Ní 1995, ilé ẹjọ́ ológun dá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba kàn lẹ́bi, ó sì dájọ́ ikú fún àwọn kan, Yar'Adua sì wà lára wọn. Àwọn olórí ayé bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì halẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, Abacha yí ìdájọ́ ikú wọn padà sí ẹ̀wọ̀n, ó sì dín ẹ̀wọ̀n Ọbásanjọ́ kù. Ìhàlẹ̀ tí ó ṣáájú ìṣe gba ẹ̀mí là ní oṣù kẹwàá. Ìyà tí ó tẹ̀ lé ìṣe ní oṣù kọkànlá kò lè jí òkú dìde. Bákan náà, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tí ó jogún àga tètè tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, ó sì gbé ìjọba fún alágbádá láàrin oṣù mọ́kànlá. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì àti ti àwọn ayánilówó kò ní ṣí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjẹníyà kò tẹ ẹni tí ó fẹ́ jókòó sórí àga títí láé lórí ba. Ó ta ẹni tí ó ti fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ jí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì wọ̀ wá lára tán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní òpin oṣù keje 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Ààrẹ Mohamed Bazoum kúrò ní Niger, ECOWAS, tí Nàìjíríà ń darí, ti ẹnubodè, ó sì dá òwò dúró. Nàìjíríà tún pa iná mànàmáná tí ó ń tà fún Niger. Ojú pọ́n ará ìlú, àwọn oníṣòwò ẹnubodè ní ìhà méjèèjì pàdánù. Àwọn ológun rí ọ̀nà mìíràn gbà, pàápàá láti ìhà Burkina Faso. Ní oṣù kejì 2024, ECOWAS gbé ọ̀pọ̀ nínú ìyà náà kúrò, Bazoum sì ṣì wà ní àhámọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú àjọ náà pátápátá.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìjẹníyà ọrọ̀ ajé kì í ṣe asán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní 1979 nítorí pé ó kan àpò ẹni tí wọ́n fẹ́ yí lọ́kàn padà, ó bọ́ sí àkókò, àwọn onílé sì ń jà. Láàrin 1993 sí 1998, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní ìwà mẹ́ta yìí pọ̀: àpò ìjọba kò gbọgbẹ́, ìyà sábà máa ń dé lẹ́yìn tí ìṣe ti parí, ìdáṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo kò sì rí alátìlẹ́yìn lóde nígbà tí ó yẹ.

Fún ìdí èyí, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ bi ara wọn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìjọba kan ni pé: ọ̀nà wo ni ìjọba náà ń gbà jẹun, ta sì ni ó ń rin ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ dí? Ní ọ̀nà pápákọ̀ Òṣòdì, awakọ̀ àti aláàárù ni ó ń rìn ín. Ọ̀nà tí Abacha ń gbà jẹun wà ní Bonny, ó sì wà ní àwọn báǹkì òkè òkun, ọkọ̀ àti owó sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níbẹ̀ títí ó fi kú.